Ẹ Bi Màmá Jẹ́lé-ó-sinmi: Sátífíkéètì wà lára ògiri, ẹkún ṣì wà nínú kíláàsì

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí kún àpò, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń bi mí ní ohun kan náà: báwo la ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré kó mọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé, ta ni yóò sì kọ́ olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ? Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ojú ewé yìí, ọdún 22 ni mo fi ṣe àǹtí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún nílùú Ìbàdàn. Láti ọdún 9 sẹ́yìn, iléèwé kan sí òmíràn ni mò ń rìn, tí mò ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì olóníkíláàsì lórí àga tí kò gba ìdí mi. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ẹ fojú fo ibi tí mo bá ti kanra.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kékeré kan nílùú Ìwó. Lọ́dún tó kọjá, mo sanwó fún àwọn olùkọ́ mi mẹ́rin láti lọ sí sẹmínà ọlọ́jọ́ méjì lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé ní ìbáṣepọ̀. Wọ́n fún wọn ní fáìlì, bírò, ìrẹsì àti sátífíkéètì. Mo gbé sátífíkéètì kọ́ ògiri ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kíláàsì kò yí padà. Ìjà náà ni, ẹkún náà ni, “jókòó! panu mọ́!” náà ni. Ṣé àwọn olùkọ́ mi ni kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, àbí wọ́n kàn jẹ owó mi ni?*
— Ìyá Iléèwé, Ìwó

Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú. Wọn kò jẹ owó yín. Wọ́n kàn ta ohun tí kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fún yín ni. Mo mọ̀, torí èmi náà ti tà á rí. Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, mo dúró níwájú olùkọ́ bí 60 nínú gbọ̀ngàn kan, mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fi sùúrù bá ọmọ sọ̀rọ̀. Obìnrin kan ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Ni mo bá pariwo mọ́ ọn lójú gbogbo wọn pé, “Ìwọ tó o wọ búlúù yẹn, ṣé ọjà lo wà ni?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò la ẹnu mọ́ títí a fi túká. Inú bọ́ọ̀sì ni mo wà, mò ń bọ̀ wálé, kó tó yé mi pé ohun tí mo ní kí wọ́n má ṣe fún ọmọ ni mo ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí wọ́n rí lọ́wọ́ mi ni wọ́n gbé lọ sílé, wọn kò gbé èyí tí mo kọ sí pátákó lọ.

Ẹ wò ó, ta ló fi ẹnu lásán kọ́ yín ní gèlè wíwé? Ní tèmi, ìyá mi ló dúró sẹ́yìn mi níwájú dígí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Fà á, kò tíì le, fà á.” Mo tú u, mo tún un wé, títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Bí olùkọ́ ṣe ń dáhùn nígbà tí ọmọ méjì bá ń já agolo kan gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, iṣẹ́ ọwọ́ nìyẹn náà, iṣẹ́ ojú ni, iṣẹ́ ohùn ni. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló ní láti ronú. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, fáìlì sẹmínà kò lè ṣí ara rẹ̀.

Ohun tí mò ń ṣe nísinsìnyí kò wuni bíi ti gbọ̀ngàn. Mo máa ń wọ kíláàsì, mo máa ń jókòó sẹ́yìn, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ n kì í sọ nǹkan kan. Mo kàn ń kà. Mo máa ń fa ìlà sí àárín ìwé: apá ọ̀tún, iye ìgbà tí olùkọ́ pe ọmọ nítorí ohun dáadáa, apá òsì, iye ìgbà tó pè é nítorí ohun tí kò dáa. Ní kíláàsì kan, láàrin wákàtí kan, apá òsì jẹ́ 38, ọ̀tún jẹ́ 2. Ọ̀kan nínú méjì ọ̀hún, ọmọ ọ̀gá iléèwé ni wọ́n ń yìn. Nígbà tí mo fi ìwé náà han olùkọ́ yẹn, ó ní, “Màmá, kì í ṣe èmi nìyí.” Ẹni tó dáa ni o. Òun ló ń ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ tí kò gbé oúnjẹ wá. Kò kàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀ rí ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo fún un ní ẹyọ àgbàdo 10, ó kó o sápò aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ìgbàkígbà tó bá rí ọmọ tó ṣe dáadáa sí ọmọ mìíràn, tó sì sọ ọ́ jáde, kí ó mú ẹyọ kan lọ sápò òsì. Kì í ṣe “gúdù bọ́ì” ni mo ní kó máa sọ o, torí ọmọ kò mọ ohun tó fi gbà á. Kó sọ ohun tó rí: “O ṣeun tó o sún, kí ọ̀rẹ́ rẹ lè ráyè jókòó.” Lọ́jọ́ yẹn, ẹyọ mẹ́ta péré ló kọjá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, aago mẹ́wàá kì í lù kí àgbàdo tó tán lápò ọ̀tún. Ó ní kí n fún òun sí i, mo ní kó lọ rà.

Ohun kejì ni eré ìjà. Ìbọ̀sẹ̀ méjì tó ti gbó, bọ́tìnnì mẹ́rin fún ojú, ọmọláńgidi ọwọ́ ti dé nìyẹn. Àwọn ọmọláńgidi yìí ló máa ń jà níwájú àwọn ọmọ láàárọ̀, nígbà tí inú ẹnikẹ́ni kò tíì bí, àwọn ọmọ ló sì ń sọ ohun tí wọ́n lè ṣe fún wọn. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, àwọn olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ara wọn ṣe é. Olùkọ́ kan á ṣe ọmọ tó já nǹkan gbà, èkejì á ṣe ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kẹta á ṣe àǹtí. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni. Ìgbà kejì, àǹtí á pariwo, torí ohun tó mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn. Ó di ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ àti ojú “ọmọ” dọ́gba, kó fi ọwọ́ lé agolo náà kó má baà tún fò lọ, kó wá sọ pé: “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ agolo yìí. Ìwọ, sọ fún un ohun tí o fẹ́.” Kò ní bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ mú un. Olùkọ́ tó bá bèèrè ìyẹn ti di adájọ́, àwọn ọmọ méjèèjì á sì di lọ́yà.

Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Olùṣèwádìí kan, Helen Baker-Henningham, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbìyànjú irú rẹ̀ ní Kingston, olú ìlú Jamaica, ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi 24 ní àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù. Ètò tí Carolyn Webster-Stratton gbé kalẹ̀ ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n mú lò. Wọ́n kọ́ olùkọ́, wọ́n sì tún tẹ̀ lé e dé inú kíláàsì láti ràn án lọ́wọ́. Àwọn ọmọ 225 tó le jù nínú àwọn kíláàsì wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣọ́. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2012, wàhálà àwọn ọmọ tí olùkọ́ wọn gba ẹ̀kọ́ náà ti dínkù, wọ́n sì mọ ọ̀rẹ́ í bá ṣe ju àwọn yòókù lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣe ti ara wọn tó bá Jamaica mu, wọ́n pè é ní Irie Classroom Toolbox, wọ́n dán an wò ní iléèwé 76, ìyà tí olùkọ́ fi ń jẹ ọmọ sì rọlẹ̀ gan-an. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Jamaica ni pé iléèwé wọn jọ tiwa: ọmọ pọ̀, àyè kéré, owó oṣù kò tó nǹkan, pàṣán kò sì jìnnà.

Nítorí náà, Ìyá Iléèwé, ẹ má san owó sẹmínà mọ́ lọ́dún yìí. Nínú àwọn olùkọ́ mẹ́rin yẹn, ẹ yan ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù jù, kó máa jókòó sí kíláàsì àwọn yòókù ní wákàtí kan lọ́sẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín lọ di kíláàsì tirẹ̀ mú. Lọ́jọ́ Ẹtì, tí àwọn ọmọ bá ti lọ, ẹ fi ìṣẹ́jú 40 ṣe eré ìjà yẹn. Ohun kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan. Ẹ má bínú sí ìbéèrè tó kù yìí: báwo lẹ ṣe ń pe olùkọ́ yín tó bá pẹ́ dé, lójú àwọn ọmọ?

*Màmá, ọmọ ọdún 23 ni mí. NCE ni mo ṣe, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré ni mo sì kà. Wọ́n kó ọmọ 43 fún mi ní iléèwé ìjọba, ọmọ ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Ọmọkùnrin kan wà nínú wọn tó máa ń gé èèyàn jẹ. Ó ti gé ọmọ mẹ́fà jẹ lóṣù yìí nìkan. Òbí kan ní kí n gé òun náà jẹ kó lè mọ bó ṣe ń dunni. Ọ̀gá mi ní kí n nà án. Ó ti sú mi.*
— Àǹtí, Ìkàrẹ́ Àkókó

Ọmọ mi, má gé e jẹ o. Ohun tí yóò kọ́ níbẹ̀ ni pé eyín àgbà mú ju tòun lọ.

Kọ́kọ́ mọ èyí kí ọkàn rẹ lè balẹ̀: àlàkalẹ̀ ìjọba lórí ẹ̀kọ́ sọ pé olùkọ́ kan sí ọmọ 25 ni ní ipele tìrẹ. Àtẹ̀jáde ọdún 2013 ló fi ọdún kan ṣáájú alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kún ẹ̀kọ́ tó pọn dandan fún gbogbo ọmọ. Ọmọ dé, yàrá àti olùkọ́ kò bá wọn dé. Kì í ṣe ọ̀lẹ lo jẹ́. Kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kọ 43 àti 25 síbẹ̀, tọ́jú ẹ̀dà kan. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ṣe nǹkan kan. Kọ ọ́ síbẹ̀ náà.

Ó wá kan eyín. Mú ìwé kékeré kan, fún ọjọ́ márùn-ún, kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá gé èèyàn jẹ tàbí tó fẹ́ ṣe é: aago mélòó, níbo, ta ni, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Mo ní ọmọbìnrin kan bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Gbogbo wa ló gbà pé oníjà ni. Nígbà tí mo wo ohun tí mo kọ, gbogbo rẹ̀ pátá ló ṣẹlẹ̀ láàrin aago mọ́kànlá sí méjìlá, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni gbogbo rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tò láti fọwọ́ kí wọ́n tó jẹun. Ebi ti ń pa á, wọ́n ń tì í láti ẹ̀yìn, ògiri wà lápá kan. Àyè lọmọ náà ń wá. Kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi bèèrè rẹ̀, eyín ló ní.

A sì ti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ o! “Excuse me, please” la kọ́ ọ. Ọmọ tí ìyá àti ìyá àgbà rẹ̀ kì í sọ ju Yorùbá lọ nílé. Kó tó rántí “excuse”, eyín ti débẹ̀. A wá fún un ní “Sún díẹ̀”, kó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú báyìí. Ọ̀rọ̀ méjì. A sì kọ́ àwọn yòókù pé ẹni tó bá gbọ́ “sún díẹ̀”, ẹsẹ̀ kan ni yóò gbé sẹ́yìn. Orí ẹní la ti ń ṣe é láràárọ̀, bí ìgbà tí a ń ṣeré, tí gbogbo wọn ń pariwo “Sún díẹ̀!” tí wọ́n ń fò sẹ́yìn bí ọ̀pọ̀lọ́. Ó ṣì gé ẹnì kan jẹ lẹ́yìn ìyẹn, èmi ni. Lẹ́yìn èyí kò tún gé èèyàn jẹ mọ́ títí wọ́n fi gba ìsinmi.

Tìrẹ lè má jẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ìwé rẹ ni yóò sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ 43 lórí ìlà kan ṣoṣo, àgbà pàápàá á gé èèyàn jẹ níbẹ̀. Pín wọn sí mẹ́rin, so àgékù aṣọ aláwọ̀ kan mọ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn aláwọ̀ ewé bá ń fọwọ́, àwọn tó kù wà lórí ẹní pẹ̀lú eré. Bojúbojú dáa fún èyí, torí ọmọ tó di ojú, tó ń dúró kí ẹgbẹ́ rẹ̀ sá pamọ́ tán, sùúrù ló ń kọ́ yẹn. Tàbí kí o máa lu agolo, kí wọ́n máa jó, tí agolo bá dákẹ́ kí gbogbo wọn dúró bí òpó. Ọmọ tó lè dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lẹ́nu agolo, ó ń bọ̀ wá dá ẹnu rẹ̀ dúró.

Bó bá ti gé ẹnì kan jẹ, ẹni tí wọ́n gé jẹ ni kó o kọ́kọ́ lọ bá. Fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, rẹ̀ ẹ́. Kó o tó wá sọ fún ẹni tó gé e jẹ, ní gbólóhùn kan, láìpariwo: “Eyín kì í ṣe fún èèyàn. Sọ pé sún díẹ̀.” Kó bá ọ gbé ife omi tí o fi ń fọ ojú ibẹ̀.

Ní ti pàṣán, n kò ní purọ́ fún ọ. Èmi náà lò ó fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ tí mo fi ṣiṣẹ́. Kíláàsì mi dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùbẹ̀wò fi ń yìn mí. Lọ́jọ́ kan, mo wo ẹ̀yìn ilé-ìgbọ̀nsẹ̀, mo rí ọmọ mi kan tó mú ẹ̀ka igi dání, tó tò àwọn mẹ́ta kalẹ̀, tó ń ṣe “àǹtí”. Ohùn mi gan-an ló fi ń sọ̀rọ̀.

*Ẹ̀yin ìyá wa, owó ńlá ni mò ń san. Gbogbo ìgbà tí mo bá dé iléèwé àwọn ọmọ mi, eré ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń ta ọjà, wọ́n ń ṣe ìyá àti bàbá. Ọmọ aládùúgbò wa ti ń kọ A dé Z, ó sì ń ka nọ́ńbà dé 100. Olùkọ́ ní ìbáṣepọ̀ ni àwọn ń kọ́ wọn. Ṣé eré ni mò ń fi owó rà ni?*
— Bàbá Ìbejì, Òṣogbo

Bàbá Ìbejì, ẹ kú owó. Ọ̀rọ̀ yín kò ṣàjèjì, torí orúkọ tí àwa Yorùbá fún iléèwé yìí náà fi èrò wa hàn: jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ gbé ọmọ lọ, kí ilé lè rí ìsinmi. A kò pè é ní ibi tí ọmọ ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọjà kan tí mo wò láìpẹ́ yìí fún yín. Òkúta wẹ́wẹ́ ni gàrí, agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọmọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹ́ tà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà. Wọ́n dúró, ọjà kú. Ọ̀kan fẹ́ sunkún. Olùkọ́ wà lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó kàn ní, “Háà, n kò rí oníbàárà o,” ó sì dákẹ́. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ọ̀kan tó sọ pé, “Ìwọ tà lẹ́ẹ̀kan, kí n tà lẹ́ẹ̀kan.” Wọ́n tún jiyàn lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ tà. Wọ́n parí rẹ̀. Wọ́n wọn agolo méje, wọ́n kà á sókè, ẹni tó rà á ní kí wọ́n fún òun ní ènì. Ẹ wo iye nǹkan tí ọmọ ọdún mẹ́rin ṣe níbẹ̀, nọ́ńbà sì tún wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún 1962, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iléèwé kan ní Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n pè ní Perry. Ọmọ 123 ni wọ́n mú, gbogbo wọn aláwọ̀ dúdú, láti ilé àwọn tí kò lówó. Wọ́n fi apá kan sí iléèwé náà, apá kejì kò lọ. Níbẹ̀, ọmọ ló ń sọ eré tó fẹ́ ṣe, á ṣe é, á sì padà wá ròyìn rẹ̀. Olùkọ́ sì ń lọ sílé wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn tó lọ yege ju ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìdánwò ọpọlọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn tún dọ́gba. Ẹlòmíràn ìbá ti ní owó ti wọgbó. Wọn kò fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi pé ẹni 40 ọdún. Nínú 100 àwọn tó lọ, 77 ló parí iléèwé girama. Nínú àwọn tí kò lọ, 60 ni. Láàrin àwọn tó lọ ni àwọn tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ ti pọ̀ jù, àwọn ọlọ́pàá kò sì mú wọn tó àwọn tí kò lọ. James Heckman, ọ̀mọ̀ràn ètò ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000, yẹ ìṣirò náà wò, ó ní ìwà ló ṣiṣẹ́ náà ju ọpọlọ lọ. Ọmọ 123 kò pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mélòó la rí tó tẹ̀ lé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi dé ogójì ọdún?

Ṣùgbọ́n Bàbá Ìbejì, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi rẹ́ yín jẹ. Tí ẹ bá tún dé ibẹ̀, ẹ má wo àwọn ọmọ, olùkọ́ ni kí ẹ wò. Ṣé ó wà nílẹ̀ pẹ̀lú wọn, tó ń gbọ́, tó ń ju ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Àbí ó jókòó síwájú tó ń tẹ fóònù? Tó bá jẹ́ ti fóònù, òótọ́ lẹ sọ, owó yín ń ṣòfò.

*Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́ta ààbọ̀. Ó ti ń lọ sí oṣù kejì tó dé, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Á kàn fi ìka sẹ́nu, á máa wò wọ́n. Ṣé kí n máa tì í wọ àárín wọn?*
— Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Ẹ má tì í. Olùṣèwádìí kan, Mildred Parten, ní Minnesota ní Amẹ́ríkà, jókòó wo àwọn ọmọ iléèwé bẹ́ẹ̀ fúngbà pípẹ́, ó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1932: ọmọ kan ń dá ṣeré, òmíràn ń wòran, òmíràn ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn láìbá a ṣe é, òmíràn sì ti wọ inú eré pátápátá. Wíwòran wà nínú rẹ̀. Ẹ lọ jókòó tì í, ẹ bá a wòran, ẹ máa sọ ohun tí ẹ jọ ń wò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ fún un ní iṣẹ́ tí ọwọ́ kan kò lè ṣe: kó di etí ẹní kan mú, kí ọmọ mìíràn tí ara rẹ̀ balẹ̀ di etí kejì mú, kí wọ́n jọ tẹ́ ẹ. Ọmọ kan péré o, ẹ má kó mẹ́rin bò ó. Tí sáà bá parí, tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rárá, ẹ̀yin náà pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n ní ó ń rojọ́ nílé, ẹ bá òbí rẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n lọ rí dókítà.

*Ẹ kú àtijọ́, Màmá. Peckham là ń gbé, ọmọ mi ọkùnrin sì ti pé ọdún mẹ́ta, nọ́sìrì ló ń lọ. Wọ́n pè mí pé kì í wo ojú olùkọ́ tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n tún ní láràárọ̀ tó bá dé, ó máa ń ṣubú lulẹ̀. Ẹ gbà mí, ìdọ̀bálẹ̀ ni! Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà mí.*
— Ìyá Ọmọ, Lọ́ńdọ̀nù

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, ẹ dárí jì mí. Ẹ fi ẹ̀rù sílẹ̀. Ìlànà ìjọba lórí ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré tí wọ́n ń pè ní EYFS, tó ti wà nílẹ̀ ní England láti ọdún 2008, ló ní kí wọ́n máa kíyè sí bí ọmọ ṣe ń bá ẹlòmíràn ṣe. Ó wà lára ohun mẹ́ta tí wọ́n fi ṣíwájú. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ìlànà yẹn kan náà ló sọ pé ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní olùkọ́ kan pàtó tí ọmọ náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Ẹni yẹn ni kí ẹ lọ bá, ẹ má lọ bá ọ́fíìsì. Ẹ sọ fún un pé nílé wa, ọmọ tó dorí kodò ń gbọ́ ni, àti pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ yẹn, ẹ káàárọ̀ ló ń kí yín. Ẹ ní kó kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ náà ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin sì ni olùkọ́ wọn lórí èyí. (Ọmọ ọdún mẹ́ta mẹ́jọ ni wọ́n ń fún àgbà kan níbẹ̀, tàbí 13 tó bá jẹ́ olùkọ́ tó gboyè. Àǹtí mi ní Ìkàrẹ́, má ka ibí yìí.)

Ṣùgbọ́n n kò ní fi àṣà bo nǹkan mọ́lẹ̀ fún yín. Ẹ wò ó nílé: tí ẹ bá jọ ń ṣeré, ṣé ó ń wo ojú yín? Tó bá rí ọkọ̀ òfuurufú, ṣé ó ń na ìka kí ẹ lè bá a wò ó? Tí ẹ bá pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ṣé ó ń yíjú? Tó bá ń ṣe ìwọ̀nyí, ọ̀wọ̀ ló jẹ́ kó dorí kodò. Tí kò bá ṣe é, ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi í han àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, láìfi falẹ̀. Ẹ má sì gba ìdọ̀bálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ẹ kọ́ ọ pé àǹtí nọ́sìrì, “good morning” àti ojú ni. Ìyá àgbà lórí fóònù, àyà nílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ ilé méjì yàtọ̀.

*Olùkọ́ ọmọ mi máa ń ní kó dúró sójú kan títí yóò fi sọ “má bínú” fún ọmọ tó bá ṣẹ̀. Á dúró títí, kò ní sọ ọ́. Ṣé ọmọ líle ni?*
— Ìyá kan, Ìlọrin

Rárá. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí gbogbo èèyàn ń wò, tí wọ́n ń dúró de ẹnu rẹ̀, ẹnu náà kì í ṣí. Ẹ bá olùkọ́ náà sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, kó fi ìbéèrè kan rọ́pò rẹ̀: “Kí lo lè ṣe kí ara tù ú?” Lẹ́yìn náà kó dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ló ṣòro jù láti kọ́ olùkọ́.

Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi ta ilé tí ẹnìkejì rẹ̀ fi ìdérí ìgò kọ́ nípàá, gbogbo rẹ̀ fọ́n ká sínú yẹ̀pẹ̀. Mo bi í ní ìbéèrè yẹn. Ó wo ilẹ̀, ó wo mi, ó tún wo ilẹ̀. Ó pẹ́ débi pé mo ti fẹ́ la ẹnu. Ló bá yíjú, ó lọ sídìí báàgì rẹ̀, ó gbé ìgò omi rẹ̀ wá, ó kó o lé ẹnìkejì lọ́wọ́. Èyí kò mu ún. Ó ṣí i, ó dà á sórí àwọn ìdérí náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, èkejì sì ń fi ẹ̀wù iléèwé rẹ̀ nù wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ “má bínú”. Ẹrẹ̀ kún gbogbo ilẹ̀ kíláàsì mi, èmi ni mo gbá a.